Àtúnṣe sí Àpèjúwe Àṣìṣe tí Kò Bá Ìgbà Mu Mọ́ nínú Ìwé Atọ́nà Ètò Adarí Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ láti inú Linux

1.0 Ìfáàrà

Bébà yìí dá lórí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tí kì í hàn sí gbogbo ènìyàn, èyí ni títún àpèjúwe àṣìṣe ṣe nínú ìwé atọ́nà ètò adarí. Ètò adarí ni ètò tí ó dúró láàárín ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ àti gbogbo ètò yòókù tí ènìyàn ń lò. Kò sí ètò kan tí ó lè ka fáìlì, tí ó lè kọ nǹkan sórí dísíkì, tàbí tí ó lè bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ètò adarí. Ìtọrọ yìí ni à ń pè ní ìpè ètò. Apá tí ó wà ní àárín gbùngbùn ètò adarí, tí ó ń gba ìpè wọlé tí ó sì ń dáhùn, ni bébà yìí yóò máa pè ní kóró, nítorí pé bí kóró ti wà nínú èso ni ó wà nínú ètò adarí: ojú kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n òun ni ìyókù rọ̀ mọ́.

Ìpè ètò lè yọrí sí rere, ó sì lè kùnà. Bí ó bá kùnà, kóró kì í ṣe àlàyé gígùn. Àmì kan ṣoṣo ni ó máa ń dá padà. Ìwé atọ́nà ni olùṣètò yóò ṣí kí ó tó mọ ohun tí àmì náà túmọ̀ sí àti ohun tí ó yẹ kí ètò rẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí kóró bá wá yí ìṣe rẹ̀ padà tí ìwé atọ́nà kò sì yí padà, olùṣètò yóò máa gbọ́ràn sí ìwé tí kò sọ òtítọ́ mọ́. Irú àìṣedéédéé bẹ́ẹ̀ ti mú kí dátà sọnù, ó sì ti mú kí àṣẹ tí ó ga jù bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò tọ́ sí.

Ohun mẹ́ta ni bébà yìí fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé àpèjúwe àṣìṣe kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára ìwé atọ́nà. Ara àdéhùn tí ó wà láàárín kóró àti olùṣètò ni. Èkejì ni pé kì í ṣe oríṣìí kan ṣoṣo ni àìbágbàmu àpèjúwe. Ó kéré tán, oríṣìí mẹ́ta ni ó wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní oògùn tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé àtúnṣe kì í ṣe kí a kàn pa ohun àtijọ́ rẹ́. Àtúnṣe tí ó péye ni èyí tí ó sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òtítọ́ àti ìgbà tí ó ṣíwọ́ láti jẹ́ òtítọ́. Inú Linux ni a ti mú àwọn àpẹẹrẹ, nítorí pé àkọsílẹ̀ kóró rẹ̀ àti ìwé atọ́nà rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò.

2.0 Nọ́ńbà, Orúkọ àti Àpèjúwe

Ẹni tí ó bá mọ àrokò kò ní ṣàì lóye bí àmì àṣìṣe ti ń ṣiṣẹ́. Nínú àrokò àtijọ́, owó ẹyọ mẹ́fà lè túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ ń fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, nítorí pé ẹfà ati fífà jọ ní ìró. Owó ẹyọ mẹ́jọ sì lè túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Iye kan ni a fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ ni a sì gbọ́. Àrokò kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí olùránṣẹ́ àti olùgbà bá jọ ní òye kan náà nípa rẹ̀. Bí ìtumọ̀ bá yí padà lọ́dọ̀ ọ̀kan tí kò sì yí padà lọ́dọ̀ èkejì, iṣẹ́ tí a rán yóò dé, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni a ó gbọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú Linux. Nígbà tí ìpè kan bá kùnà, kóró yóò dá nọ́ńbà tí ó kéré sí òdo padà, láti -1 títí dé -4095. Àkójọ ètò ìrànlọ́wọ́ èdè C yóò gba nọ́ńbà yìí, yóò yọ àmì òdì kúrò lára rẹ̀, yóò fi í sínú ibi ìpamọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ errno, yóò sì fún olùṣètò ní -1 gẹ́gẹ́ bí èsì. Ìpele mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìpele kìíní ni nọ́ńbà, bí àpẹẹrẹ 5. Ìpele kejì ni orúkọ tí nọ́ńbà náà ń jẹ́, bí àpẹẹrẹ EIO. Ìpele kẹta ni àpèjúwe, èyí tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìpè kan pàtó tí EIO fi jáde.

Ìyàtọ̀ àárín àwọn ìpele yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Nọ́ńbà àti orúkọ ti wọ inú àìmọye ètò lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè yí wọn padà mọ́ láìba ètò àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Àpèjúwe nìkan ni ó ṣeé tún ṣe. ENOTTY jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere. Ní ìgbà tí Unix bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó dà bí táípúráítà ni àwọn ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ìtumọ̀ tí wọ́n sì fún ENOTTY ni pé ohun tí olùṣètò ń darí kì í ṣe táípúráítà. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kógbá sílé, àmì náà sì wá ń jáde fún oríṣìíríṣìí ohun èlò tí kò gba irú àṣẹ kan pàtó. Lónìí, ohun tí àkójọ ètò èdè C lórí Linux ń sọ fún ENOTTY ni pé àṣẹ ìdarí yìí kò bá ohun èlò yìí mu. Orúkọ náà kò yí padà, nọ́ńbà rẹ̀, 25, kò sì yí padà. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀ ni ó yí padà. Kí ó tó yí padà, àwọn ènìyàn a máa rí i kí ètò ìfìwéránṣẹ́ dá lẹ́tà wọn padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ohun kan kì í ṣe táípúráítà. Ohun tí ó fà á ni pé àmì àtijọ́ ṣẹ́kù sínú errno láti ara ìbéèrè mìíràn, ètò náà sì tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà tí nǹkan tí kò bá a tan kùnà. Ẹni tí ó gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohun tí yóò tún ṣe.

3.0 Ohun tí ó ń Mú kí Àpèjúwe Gbó

Ìwé atọ́nà Unix àkọ́kọ́, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie kọ ní Bell Labs, ní déètì ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1971. Láti inú ìwé yẹn ni àṣà fífi apá kan sílẹ̀ fún ìpè ètò ti wá, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ àṣà sísọ ohun tí ó ń mú kí ìpè kùnà. Ní ìgbà yẹn, àwọn tí ó kọ kóró ni ó kọ ìwé. Ohun tí ó bá yí padà ní ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì yóò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú Linux. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tí ó ń tọ́jú kóró, ọ̀tọ̀ sì ni iṣẹ́ àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé atọ́nà. Andries Brouwer ni ó tọ́jú ìwé náà láti ọdún 1995 títí di ọdún 2004. Michael Kerrisk gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2004. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sí ọwọ́ Alejandro Colomar. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń dá sí àkọsílẹ̀ kóró, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń tọ́jú ìwé. Ẹni tí ó bá yí ìlà méjì padà nínú kóró lè sọ irọ́ di gbólóhùn kan nínú ìwé atọ́nà láìmọ̀, kò sì sí ohun kan nínú ẹ̀rọ tí yóò pariwo sí i létí. Èyí ni ìdí kìíní tí àpèjúwe fi ń gbó.

Ìdí kejì ni pé kì í ṣe kóró nìkan ni ó ń pinnu àmì tí yóò jáde. Oríṣìíríṣìí ètò ìtọ́jú fáìlì ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè dá àmì tirẹ̀ padà. Ìpè kan náà tí ó kùnà lórí dísíkì inú kọ̀ǹpútà lè kùnà lọ́nà mìíràn lórí dísíkì tí ó wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ inú àmì àṣìṣe.

Ìdí kẹta ni ìlànà àjùmọ̀lò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ POSIX, tí ìjáde rẹ̀ àkọ́kọ́ wáyé ní ọdún 1988. Ìlànà yìí sọ àmì tí ó yẹ kí ìpè kọ̀ọ̀kan máa dá padà, ó sì gba ètò adarí láàyè láti fi àmì mìíràn kún un. Nígbà mìíràn, ohun tí ìlànà sọ ni ó wọ inú ìwé atọ́nà, kì í ṣe ohun tí kóró ń ṣe gan-an. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò gbó ní tòótọ́; kò fìgbà kan bá kóró mu rí.

4.0 Oríṣìí Àìbágbàmu Mẹ́ta

4.1 Ìdí tí Kì í Ṣẹlẹ̀ Mọ́

Ìpè setuid ni ètò tí ó ní àṣẹ àgbà máa ń lò láti bọ́ àṣẹ náà sílẹ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́ ní orúkọ ẹlòmíràn tí agbára rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ṣáájú Linux 3.1, tí ó jáde ní ọdún 2011, ìpè yìí lè kùnà pẹ̀lú àmì EAGAIN bí iye iṣẹ́ tí ẹni tuntun náà ń ṣe lọ́wọ́ bá ti kọjá òdiwọ̀n tí à ń pè ní RLIMIT_NPROC. Ọ̀pọ̀ olùṣètò kò yẹ èsì setuid wò rárá. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó ní àṣẹ àgbà kò lè kùnà nígbà tí ó bá ń sọ àṣẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ìpè náà bá kùnà, ètò yóò máa bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú àṣẹ àgbà lọ́wọ́, yóò sì rò pé òun ti bọ́ ọ sílẹ̀.

Eléyìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 2010, ọgbọ́n kan jáde tí wọ́n fi ń gba àṣẹ àgbà lórí fóònù Android. Ohun tí ọgbọ́n náà ṣe kò ju pé ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kéékèèké títí iye wọn fi kún òdiwọ̀n, lẹ́yìn náà ni ó mú kí ètò kan tí ó ní àṣẹ àgbà tún bẹ̀rẹ̀. Ètò náà pe setuid, ìpè náà kùnà, ètò náà kò yẹ̀ ẹ́ wò, àṣẹ àgbà sì kù sí ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn tí ó ń tọ́jú kóró wá yí ìṣe náà padà ní Linux 3.1. Láti ìgbà náà, setuid kì í kùnà mọ́ nítorí òdiwọ̀n yìí. Kóró a kàn fi àmì sí i lára pé òdiwọ̀n ti kọjá, bí ètò náà bá sì pe execve láti bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn nígbà tí òdiwọ̀n ṣì kọjá, execve ni yóò kùnà pẹ̀lú EAGAIN. Àṣìṣe náà kò kú. Ó ṣí lọ sí ilé mìíràn ni.

Kí ni ó yẹ kí ìwé atọ́nà ṣe? Ẹni tí ó bá ń kánjú lè pa EAGAIN rẹ́ kúrò ní ojú-ìwé setuid. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìdí mìíràn ṣì wà tí setuid fi lè dá EAGAIN padà, èyí ni pé kóró kò rí ààyè mẹ́mọ́rì tí yóò fi ṣètò ìyípadà náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, kóró àtijọ́ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tún tọ́jú mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, bí olùṣètò kò bá rí EAGAIN nínú ìwé, yóò tún padà sí èrò àtijọ́ pé setuid kò lè kùnà. Nítorí náà, ohun tí ìwé atọ́nà Linux ṣe bójú mu: ó fi ìdí méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sọ pé láti Linux 3.1 ìdí kan kò ṣẹlẹ̀ mọ́, ó tọ́ka sí execve, ó sì kìlọ̀ pé kí ètò tí ó bá fẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ṣì máa yẹ àmì náà wò.

4.2 Àmì Kan Náà, Ìtumọ̀ Tuntun

Nínú oríṣìí kejì, àmì kò kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni ó yí padà. Àpẹẹrẹ kékeré ni mlock, ìpè tí ó ń de apá kan nínú mẹ́mọ́rì mọ́lẹ̀ kí kóró má baà kó o lọ sórí dísíkì. Àwọn ètò tí ó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí a máa lò ó. Ṣáájú Linux 2.6.9, tí ó jáde ní ọdún 2004, ètò tí kò bá ní àṣẹ pàtàkì kò lè de mẹ́mọ́rì rárá, EPERM ni yóò sì gbà. Láti 2.6.9, ètò bẹ́ẹ̀ lè de mẹ́mọ́rì títí dé òdiwọ̀n RLIMIT_MEMLOCK. Bí ó bá kọjá òdiwọ̀n náà, ENOMEM ni yóò gbà. Bí òdiwọ̀n náà bá jẹ́ òdo, EPERM ni. Ẹni tí ó bá ń ka àpèjúwe àtijọ́ yóò rí ENOMEM, yóò sì rò pé mẹ́mọ́rì inú ẹ̀rọ ti tán. Ó lè lọ ra mẹ́mọ́rì mìíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé òdiwọ̀n lásán ni ó yẹ kí ó gbé sókè.

Àpẹẹrẹ tí ó wúwo jù ni fsync. Nígbà tí ètò kan bá kọ dátà sínú fáìlì, dátà náà kì í dé orí dísíkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mẹ́mọ́rì ni ó máa ń wà fún ìgbà díẹ̀. Ìpè fsync ni ètò fi ń sọ fún kóró pé òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí dátà yóò fi dé orí dísíkì. Bí dísíkì bá kùnà, fsync yóò dá EIO padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àpèjúwe EIO sọ kò ju pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ nígbà ìkọsílẹ̀. Kò sọ ẹni tí yóò gbọ́ nípa àṣìṣe náà, kò sì sọ ipò tí dátà wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àìsọ yìí ni olùṣètò púpọ̀ fi òye ara wọn dí. PostgreSQL, ètò ìpamọ́ dátà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ káàkiri àgbáyé ń lò, gbà pé bí fsync bá kùnà, òun lè tún un pè, àti pé bí ìpè kejì bá yọrí sí rere, dátà ti dé orí dísíkì nìyẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ó di mímọ̀ láàárín àwọn tí ó ń kọ PostgreSQL pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lórí Linux. Lẹ́yìn tí ìkọsílẹ̀ bá ti kùnà, ọ̀pọ̀ ètò ìtọ́jú fáìlì a máa ka dátà inú mẹ́mọ́rì náà sí èyí tí iṣẹ́ ti parí lórí rẹ̀. Bí ètò bá tún pe fsync, kò sí ohun tí ó kù tí kóró yóò kọ. Ìpè náà yóò sì yọrí sí rere. Dátà ti sọnù, èsì sì ń sọ pé àlàáfíà ni. Ṣáájú Linux 4.13, tí ó jáde ní ọdún 2017, ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pe fsync lẹ́yìn àṣìṣe nìkan ni ó ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó ṣí fáìlì kan náà tí ó sì pe fsync lẹ́yìn rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Láti Linux 4.13, gbogbo ẹni tí ó ti ṣí fáìlì náà, tí ó sì lè jẹ́ òun ni ó kọ dátà tí ó kùnà, ni kóró ń sọ fún. Ojú-ìwé fsync sọ èyí báyìí, ó sì dárúkọ 4.13. PostgreSQL náà yí ìṣe rẹ̀ padà ní oṣù Kejì ọdún 2019: bí fsync bá kùnà, ètò náà kì í tún un gbìyànjú mọ́, a máa dá ara rẹ̀ dúró, lẹ́yìn náà ni yóò fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ó ti tọ́jú ṣáájú tún dátà náà kọ. Bí ó bá jẹ́ pé àpèjúwe EIO ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé títún fsync pè kò fi ẹ̀rí kankan hàn, àṣìṣe yìí kì bá tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú ètò tí àwọn ènìyàn fi ń pa àkọsílẹ̀ owó àti ìwòsàn mọ́.

4.3 Ibi tí Ìwé àti Kóró Kò ti Fẹnu Kò

Oríṣìí kẹta ni èyí tí ìlànà sọ ohun kan, tí kóró sì ń ṣe òmíràn. Ìpè unlink ni ètò fi ń pa orúkọ fáìlì rẹ́. Bí ètò bá gbìyànjú láti fi í pa fódà rẹ́, POSIX sọ pé EPERM ni ó yẹ kí ó jáde. Linux kò ṣe bẹ́ẹ̀, láti 2.1.132 ni ó ti ń dá EISDIR padà. Olùṣètò tí ó gbára lé ìlànà nìkan yóò máa dúró de EPERM tí kò ní dé. Ìwé atọ́nà Linux kọ àmì méjèèjì sílẹ̀, ó sì sọ ti ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. EISDIR ni ohun tí kóró ń ṣe. EPERM ni ohun tí ìlànà wí.

Èyí tí ó le jù ni close, ìpè tí ó ń ti fáìlì. Àmì ìdálọ́wọ́kọ́ lè bá ìpè yìí lójú ọ̀nà, kí ó sì dá EINTR padà. Nínú ọ̀pọ̀ ìpè mìíràn, ohun tí EINTR ń sọ fún olùṣètò ni pé kí ó tún ìpè náà ṣe. Ó rọrùn kí ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti close. Ṣùgbọ́n kóró Linux a máa tú nọ́ńbà fáìlì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ close, kí ó tó kan ibi tí ìdálọ́wọ́kọ́ ti lè ṣẹlẹ̀. Bí ètò bá ní fọ́nrán iṣẹ́ méjì tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, fọ́nrán kìíní lè ti nọ́ńbà 7, kí ó sì gba EINTR. Kí ó tó tún un pè, fọ́nrán kejì lè ṣí fáìlì mìíràn, kí kóró sì fún un ní nọ́ńbà 7 kan náà. Nígbà tí fọ́nrán kìíní bá wá tún close pè, fáìlì ẹlòmíràn ni yóò tì. Bí wọ́n bá tún ṣí fáìlì kẹta tí ó sì gba nọ́ńbà 7, dátà fọ́nrán kejì yóò lọ sínú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lórí HP-UX, òdìkejì ni: lẹ́yìn EINTR, nọ́ńbà náà ṣì wà ní ṣíṣí. POSIX ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìyanjú fún ìgbà pípẹ́. Ìjáde rẹ̀ ti ọdún 2024 ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: EINTR fún ìgbà tí nọ́ńbà náà ṣì ṣí, EINPROGRESS fún ìgbà tí ó ti tì. Ìwé atọ́nà Linux kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí pé EINTR lè jáde. Ó fi àlàyé kún un pé títún close pè lẹ́yìn ìkùnà kò tọ̀nà lórí Linux, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Níhìn-ín, ìmọ̀ràn nípa ohun tí ó yẹ kí olùṣètò ṣe ni àtúnṣe gan-an. Orúkọ àmì nìkan kò tó.

5.0 Ìlànà fún Àtúnṣe

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí yóò tún àpèjúwe àṣìṣe ṣe gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn kí ó tó kọ ohunkóhun. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni àwọn àpẹẹrẹ tí a ti yẹ̀ wò tọ́ka sí.

(a) Kí ó ka àkọsílẹ̀ kóró fúnra rẹ̀, kí ó sì tọ ipa àmì náà láti ibi tí ó ti jáde dé ibi tí ìpè ti wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn kò tó.

(b) Kí ó kọ ètò kékeré kan tí yóò mú kí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀, kí ó sì wo àmì tí ó jáde. Irin-iṣẹ́ bíi strace a máa fi ìpè kọ̀ọ̀kan àti èsì rẹ̀ hàn. Ó sì lè fi àmì àṣìṣe tí ènìyàn yàn sí ẹnu ìpè kan, kí a lè rí bí ètò ṣe ń gbà á.

(d) Kí ó wá ìgbà tí ìyípadà náà wọlé. Láti ọdún 2005 ni ìtàn àkọsílẹ̀ kóró Linux ti wà nínú git; ó ṣeé ṣe láti rí ìyípadà náà, ìdí tí wọ́n fi ṣe é, àti ìjáde tí ó kọ́kọ́ gbé e.

(e) Kí ó fi ohun tí ó rí wé ohun tí POSIX wí àti ohun tí àwọn ètò adarí mìíràn ń ṣe, kí ẹni tí ń kọ ètò fún ibi púpọ̀ má baà ṣìnà.

(ẹ) Kí ó kọ àpèjúwe náà pẹ̀lú nọ́ńbà ìjáde, kí ó sì fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé.

Bí a bá fi ìlànà yìí kọ àpèjúwe EAGAIN fún setuid ní èdè Yorùbá, ó lè lọ báyìí: “EAGAIN: Kóró kò rí ààyè tí yóò fi ṣètò ìyípadà yìí fún ìgbà díẹ̀. Ṣáájú Linux 3.1, àmì yìí a tún máa jáde bí iye iṣẹ́ ẹni tuntun náà bá kọjá RLIMIT_NPROC. Láti Linux 3.1, execve ni ó ń dá a padà. Má ṣe bá iṣẹ́ lọ bí setuid bá kùnà.” Gbólóhùn mẹ́rin ni. Èkíní sọ ohun tí ó wà, èkejì sọ ohun tí ó ti wà, ẹ̀kẹta sọ ibi tí ó lọ, ẹ̀kẹrin sì sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe.

6.0 Àwọn Àtakò

Ẹnìkan lè sọ pé bí ìwé àti kóró bá ń ta ko ara wọn, kóró ni ó yẹ kí a tún ṣe. Nígbà mìíràn ó rí bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ìyípadà náà bá jẹ́ àṣìṣe tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n bí kóró bá ti ń ṣe ohun kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ètò ti gbára lé e. Òfin tí àwọn tí ó ń tọ́jú Linux kò fi ṣeré ni pé ìyípadà inú kóró kò gbọdọ̀ ba ètò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́. Nítorí náà ni EISDIR fi dúró sí ipò rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ìwé ni ó tẹ̀lé kóró.

Àtakò kejì ni pé fífi ìtàn sínú ìwé atọ́nà yóò sọ ọ́ di gígùn, olùkàwé kò sì ní rí ohun tí ó ń wá. Òtítọ́ wà nínú èyí. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí gbólóhùn tí ó bá òde òní mu ṣáájú, kí ti àtijọ́ tẹ̀lé e ní ṣókí, kí ìtàn gígùn sì lọ sí apá tí a yà sọ́tọ̀ fún un ní ìsàlẹ̀. Ohun tí kò bójú mu ni kí ìtàn náà pòórá.

Àtakò kẹta ni pé níwọ̀n ìgbà tí ìwé kò lè ka gbogbo àmì tán, kò sí èrè nínú àtúnṣe. Lóòótọ́, kò sí ojú-ìwé tí ó lè to gbogbo àmì tí oríṣìíríṣìí ètò ìtọ́jú fáìlì lè mú jáde. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ètò tí ó dára fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà dúró bí àmì tí kò mọ̀ bá dé. Ṣùgbọ́n àìpé ìwé kò sọ irọ́ inú rẹ̀ di òtítọ́. Ẹni tí kò rí ọ̀nà yóò béèrè. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀nà èké hàn kò ní béèrè, yóò kàn máa rìn lọ ni.

7.0 Ìkádìí

Bébà yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé àpèjúwe àṣìṣe jẹ́ apá kan nínú àdéhùn àárín kóró àti olùṣètò. Ó ya oríṣìí àìbágbàmu mẹ́ta sọ́tọ̀: ìdí tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́, àmì tí ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà, àti ìyapa àárín ìlànà àti ìṣe. Fún ti àkọ́kọ́, kí a fi nọ́ńbà ìjáde sí i dípò kí a pa á rẹ́. Fún ti èkejì, kí a sọ ipò tí nǹkan wà lẹ́yìn ìkùnà. Fún ti ẹ̀kẹta, kí a sọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó yẹ kí olùṣètò ṣe.

Ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀lé èyí kò ṣòro. Ẹnikẹ́ni tí ó bá yí àmì àṣìṣe padà nínú kóró gbọ́dọ̀ fi àtúnṣe ìwé atọ́nà ránṣẹ́ ní àkókò kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sì ń wá iṣẹ́ ìwádìí lè mú ojú-ìwé kan, kí wọ́n dán gbogbo àmì inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kóró tuntun, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan àti sùúrù tó fún iṣẹ́ náà, èrè rẹ̀ yóò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní ṣí ìwé atọ́nà láéláé, ṣùgbọ́n tí àkọsílẹ̀ wọn wà lórí dísíkì tí fsync ń dáàbò bò.